Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Sín: Ẹ Má Ṣe Gbé Èèyàn Lé E

Ìró rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí ọkọ̀ náà. Èbúté Bàyẹ́kù ni, lápá Ìkòròdú. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, kùrukùru ṣì bo ojú ọ̀sà, awakọ̀ kan sì ń fa okùn ẹ́ńjìnnì Yamaha àtijọ́ kan, irú èyí tí gbogbo ará etí omi ń pè ní fọ́tì. Ó fà á lẹ́ẹ̀mẹ́fà kó tó dáhùn. Nígbà tó dáhùn náà, kò dún bí ohun tí ara rẹ̀ dá. Ó ń dún, ó ń dákẹ́, ó ń gbọ̀n jìgìjìgì nídìí ọkọ̀ bí ẹni tí ibà mú. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á sín bí èèyàn, epo á sì fín síta lẹ́nu kabúrétọ̀. Awakọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ wọlé jàre, bó bá gbóná tán, á tún ara rẹ̀ ṣe." Èèyàn mẹ́tàlá wọlé. Èmi tí mo mọ ohun tí ìró yẹn ń sọ, mo wọlé pẹ̀lú wọn, torí pé mo ń kánjú.

Kò tún ara rẹ̀ ṣe. Nígbà tí a fi máa dé agbedeméjì ọ̀nà Badore, ọkọ̀ ti rọ̀ sínú omi, imú rẹ̀ ń wo òkè, kò lè sáré mọ́. Awakọ̀ ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì náà nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó fi àkísà mú orí púlọ́ọ̀gì kan, ó fà á yọ, kó lè mọ èyí tó ti kú nínú wọn. Mo fi ojú ara mi rí iná búlúù tó ń ta lẹ́nu wáyà náà, tátá-tátá. Kẹ́ẹ̀gì epo wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀rá tí wọ́n ká ni wọ́n fi dí i lẹ́nu. Ìyá kan tó pọn ọmọ jókòó síbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó kẹ́ẹ̀gì yẹn.

Kò sí ohun tó ṣe wá. Apẹja kan ló fi okùn fà wá dé èbúté, tí kálukú sì sáré lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Torí pé kò sí ohun tó ṣe wá yìí gan-an ló fi dá mi lójú pé awakọ̀ yẹn tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ̀yin awakọ̀ ojú omi, ẹ̀yin tí ẹ ni ọkọ̀, ẹ̀yin mẹkáníìkì etí omi láti Badagry títí dé Ẹ̀pẹ́ àti ilẹ̀ Ìlàjẹ, mi ò ní fi oyin sí ọ̀rọ̀ yìí fún yín. Ẹ́ńjìnnì two-stroke bíi fọ́tì yẹn, tó ń sín, tó ń gbọ̀n, tí agbára rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀, kì í ṣe aláìsàn tí à ń gbé rìn. Kò sí pé a ó máa lò ó bẹ́ẹ̀ di òpin oṣù. Ó ń kú lọ ni. Bó bá máa kú, kò ní bi yín léèrè bóyá ọkọ̀ kún tàbí bóyá ẹ jìnnà sí ilẹ̀.

Ẹ gbọ́ ìdí tí mo fi le tó báyìí. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò ní ibi tí ọ́ìlì rẹ̀ ń gbé, nísàlẹ̀ pátápátá, páńpù ló sì ń gbé e kiri ara. Two-stroke àtijọ́ kò ní irú yàrá bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" rí mọ ohun tí mò ń sọ: inú epo bẹntiróòlù la ti ń po ọ́ìlì sí, epo ló sì ń gbé e wọlé. Ó ń kọjá lára bẹ́árìn, lára ọ̀pá tó ń yí, lára písítìnì àti ríìngì, kó tó di pé epo jó. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí ọ́ìlì fi lè kan àwọn irin wọ̀nyẹn. Nítorí náà, sìlíńdà tí epo kò bá dé tó, ọ́ìlì kò dé ibẹ̀ tó. Bí ebi ṣe ń pa á ni òùngbẹ ń gbẹ ẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni epo tó kéré nínú afẹ́fẹ́ tó pọ̀ máa ń jó gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Alumíníọ̀mù ni písítìnì. Á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ihò tó wà kò sì ní gbà á mọ́. Á máa ha ògiri sìlíńdà, á jẹ ẹ́, á lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí à ń pè ní "ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì" nìyẹn. Kì í sì í sábà ṣẹlẹ̀ ní èbúté nígbà tí ọkọ̀ ṣófo. Ìgbà tí ọkọ̀ bá kún, tí wọ́n fún un níná, tí ìgbì dìde, ìgbà náà ni iṣẹ́ pọ̀ jù fún un, ìgbà náà ló sì ń lẹ̀ pọ̀.

Ọkọ̀ tó ń sáré, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dúró lójijì, ìgbì tó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn á lé e bá, á sì gun ìdí rẹ̀ wọlé, torí ìdí yẹn ló rẹlẹ̀ jù, ibẹ̀ náà ni ìwúwo ẹ́ńjìnnì wà. Kò sí ohun tí a fi lè darí rẹ̀ mọ́. Ọ̀sà Èkó kì í ṣe omi adágún tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀: gẹdú tó já lára èyí tí wọ́n ń fà lórí omi wà níbẹ̀ tó ń léfòó ní ìdajì, òpó àwọn apẹja wà níbẹ̀, àwọn ọkọ̀ tó ń wa yanrìn wà níbẹ̀, ọkọ̀ òkun ńláńlá sì ń gba ẹnu òkun wọlé sí èbúté Àpápá. Ọkọ̀ òkun kò lè yà fún yín. Kí ó tó rí yín pàápàá, ó ti pẹ́.

Ní báyìí, kí ló ń fa sísín yẹn? Níbi púpọ̀, ihò kékeré kan ni. Jẹ́ẹ̀tì inú kabúrétọ̀, pàápàá èyí tó ń bọ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ihò rẹ̀ kéré débi pé abẹ́rẹ́ ìránṣọ kò ní rọrùn láti kọjá. Epo tó bá dúró sínú rẹ̀ fún oṣù méjì-mẹ́ta á gbẹ, á dì bí oje igi, á sì dí i. Níbi tí ẹ́ńjìnnì bá ti ní kabúrétọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ọ̀kan lè dí kí èyí tó kù máa fà á lọ. Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà. Ọkọ̀ ṣì ń rìn, awakọ̀ á ní "kò burú," sìlíńdà tí ebi ń pa sì ń yí lọ ní gbígbẹ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, torí pé àwọn yòókù ń fi tipátipá yí i.

Àwọn awakọ̀ ní oògùn méjì fún èyí, méjèèjì ló sì burú. Àwọn kan á tún fún un níná sí i, kó lè "ju ìdọ̀tí yẹn nù." Ìyẹn ni pé a ń lé ẹni tí kò jẹun kó sáré. Àwọn mìíràn á fa ṣóòkì dé ìdajì, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọn ó fi dé ibi tí wọ́n ń lọ. Lóòótọ́ ni ẹ́ńjìnnì á dákẹ́ ariwo díẹ̀. Ẹ mọ ohun tí ìdákẹ́ yẹn túmọ̀ sí? Ṣóòkì dín afẹ́fẹ́ kù, epo wá pọ̀ sí i, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ó ti jẹ́wọ́ fún yín pé ebi epo ló ń pa òun. Ẹlẹ́rìí ni ṣóòkì, kì í ṣe oníṣègùn. Ẹni tó bá gbọ́ ẹ̀rí yẹn tó sì ń bá ìrìn àjò lọ ti mọ̀ọ́mọ̀ gbé ẹ̀mí èèyàn lé ewu.

Jẹ́ẹ̀tì nìkan kọ́ sá. Họ́ọ̀sì epo tó ti sán, bọ́ọ̀lù rọ́bà tí à ń fún lórí họ́ọ̀sì tí kò le mọ́, páńpù epo tí awọ inú rẹ̀ ti ya, síìlì ìdí ọ̀pá tó ti jẹ tí afẹ́fẹ́ ń gbà á wọlé: gbogbo wọn ló ń mú un sín bákan náà. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni máa sọ pé òun ti mọ ohun tó ṣe é láìtíì tú u wò.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ń bí mi nínú jù lọ, torí ibẹ̀ ni owó tí a fẹ́ fi pamọ́ ti ń pa wá. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì two-stroke tó wà lórí omi wa lónìí ń fẹ́ ìwọ̀n ọ́ìlì 1 sí epo 50. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ìdajì lítà ọ́ìlì. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ písítìnì tàbí ríìngì rẹ̀ ń fẹ́ ìlọ́po méjì fún wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́, ìyẹn lítà kan sí kẹ́ẹ̀gì kan. Àwọn ẹ́ńjìnnì láéláé ti bí ọdún 1950 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1960, tí àwọn kan ṣì ń tọ́jú, 1 sí 24 ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Ẹni tó bá po 1 sí 50 fún irú wọn ti pa á. Ẹ lo ohun ìwọ̀n. Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tó ń da ọ́ìlì sínú kẹ́ẹ̀gì tó ń wo ojú ọ̀run, tó ń bá ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, tó wá ní "ó ti tó." Kí ló fi mọ̀ pé ó tó?

Ọ́ìlì tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára ni ti ẹ́ńjìnnì ojú omi. Ọ́ìlì mọ́tò kọ́, ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà lára mọ́tò kọ́, ti ọ̀kadà pàápàá kọ́. Ọ́ìlì mọ́tò ní àwọn èròjà tó ń di eérú bó bá jó; eérú yẹn á jókòó sórí písítìnì, á lẹ ríìngì mọ́ ihò rẹ̀, á sì dí ẹnu púlọ́ọ̀gì. Ẹ́ńjìnnì tí ríìngì rẹ̀ ti lẹ̀ kò ní agbára mọ́, kò sì sí púlọ́ọ̀gì tuntun tó lè gbà á.

Epo fúnra rẹ̀ náà ńkọ́? Ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé epo bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ ti wọ ọjà. Methanol fẹ́ràn omi. Ó ń fà á mọ́ra. Omi ló sì ń tètè ba kabúrétọ̀ jẹ́ lórí ọ̀sà, torí ìrì ń sẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì tí ọ̀rá dí lẹ́nu. Ẹ da díẹ̀ lára epo náà sínú ìgò tó mọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí omi bá wà níbẹ̀, á rì sísàlẹ̀, ẹ ó sì rí ààlà rẹ̀.

Mo fẹ́ padà sórí awakọ̀ Bàyẹ́kù tó ń fa orí púlọ́ọ̀gì yọ, torí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ló ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ wọn bẹ́ẹ̀. Iná tó ń jáde lẹ́nu wáyà yẹn tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún folti. Èéfín epo bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ: kì í fò lọ, ṣe ló ń ṣàn wálẹ̀ bí omi, tó ń jókòó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ níbi tí ẹsẹ̀ èrò wà. Ẹ́ńjìnnì tó ń sín sì ń fín epo síta lẹ́nu kabúrétọ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Ẹ wá mú iná, ẹ mú epo, ẹ mú afẹ́fẹ́, ẹ kó wọn sínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú èèyàn mẹ́tàlá. Kí lẹ rò pé ó kù? Omi ló yí wọn ká, síbẹ̀ iná ni wọ́n máa kú sí. Yàtọ̀ sí ti iná, fíláìwíìlì tó ń yí lórí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀ kì í mọ̀ pé ọwọ́ agbádá tàbí ìborùn ni nǹkan tó wọ inú òun. Á kàn máa ká a ni. Wáyà tó ń ta iná sí afẹ́fẹ́ tún máa ń ba kọ́ìlì àti àpótí CDI jẹ́, kí ẹ wá ra òmíràn lówó gọbọi fún àrùn tí kò ṣe é tẹ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni títa epo sí ẹnu kabúrétọ̀ tàbí ihò púlọ́ọ̀gì kí ẹ tó fa okùn. Bí púlọ́ọ̀gì bá wà níta, tí wáyà rẹ̀ sì ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí epo ń fín jáde, ìbọn lẹ kì yẹn.

Ọ̀nà wà tí kò ní ewu, kò sì gba àkókò púpọ̀. Etí èbúté ni, láìsí èrò. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí omi létí èbúté, ní bí ó ṣe ń sín yẹn, kí ẹ sì pa á lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì kúrò. Kó tutù díẹ̀. Ẹ tú gbogbo púlọ́ọ̀gì, ẹ tò wọ́n sórí pákó bí ẹ ṣe tú wọn, kí ẹ má ṣe da ipò wọn rú. Wọ́n á sọ̀rọ̀. Èyí tí ẹnu rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀pà sísun, ara rẹ̀ dá. Èyí tó tutù, tó dúdú, tó rin fún epo, iná kò jó níbẹ̀. Ẹ wo wáyà rẹ̀, ẹ wo kọ́ìlì rẹ̀, ẹ gbé púlọ́ọ̀gì mìíràn síbẹ̀ wò. Èyí tó funfun bí egungun, tàbí tí ẹnu rẹ̀ ti ń yọ́, ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Ebi ń pa á, ó ti gbóná kọjá ààlà. Èyí tí omi wà lára rẹ̀, tàbí tó mọ́ tónítóní bí ohun tí wọ́n fi ooru fọ̀, ó ṣeé ṣe kí omi máa gba gásíkẹ́ẹ̀tì orí wọ inú sìlíńdà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni gééjì. Ẹ fi gééjì wọn agbára ìfúnpọ̀ sìlíńdà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fọwọ́ kan kabúrétọ̀. Bí ọ̀kan bá fún yín ní 110 PSI, tí èkejì fún yín ní 75, ẹ dẹ́kun ríra púlọ́ọ̀gì. Inú ẹ́ńjìnnì ti jẹ. Kò tíì sí kabúrétọ̀ fífọ̀ tó ń tún ògiri sìlíńdà ṣe. Bí wọ́n bá sún mọ́ra, ẹ wá tú kabúrétọ̀, ẹ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ihò rẹ̀. Ẹ má fi wáyà gún un o! Báràsì rọ̀, ihò tó bá fẹ̀ díẹ̀ sí i ti di ihò mìíràn.

Omi tó ń tọ̀ jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, ẹ má ṣe kúrò ní èbúté bí ẹ kò bá rí i. Ìmpẹ́là rọ́bà ló ń fa omi yẹn sókè láti fi tu ẹ́ńjìnnì lára. Ẹni tó bá ṣí ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ gbígbẹ "fún ìṣẹ́jú kan péré" ti sun rọ́bà yẹn. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, omi òkun ń wọ ọ̀sà, iyọ̀ inú rẹ̀ á pọ̀. Iyọ̀ yẹn ń dì sínú ihò omi bí kò bá sí ẹni tó ń fi omi tí kò níyọ̀ ṣan án.

Ẹ sì má fa okùn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà nínú jíà. Ẹ wò ó kó wà ní fíríì. Àwọn kan ti ba nǹkan tó ń dènà ìyẹn jẹ́ torí pé ó "ń dààmú" wọn. Ọkọ̀ tó bá fò síwájú lójijì á gbé ẹni tó dúró sínú omi, a sì máa yí po padà wá bá a pẹ̀lú pọ̀pẹ́là tó ń yí. Okùn pupa tó yẹ kó wà ní ọrùn ọwọ́ awakọ̀, tó ń pa ẹ́ńjìnnì bó bá ṣubú, mélòó nínú yín ló ń so ó mọ́ra? Mo ti rí èyí tí wọ́n fi so àpò ìrẹsì.

Mo mọ èsì tí àwọn tó ni ọkọ̀ máa fún mi: tòkunbọ̀ ni, owó kò sí. Òótọ́ ni pé òfin èéfín tí Amẹ́ríkà mú lágbára láti 1998 títí dé 2006 ló lé irú ẹ́ńjìnnì oníkabúrétọ̀ yìí kúrò lọ́jà wọn, tí ọ̀pọ̀ fi rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Evinrude gan-an, orúkọ ẹ́ńjìnnì ojú omi tó ti wà láti ọdún 1909, wọ́n pa iṣẹ́ rẹ̀ tì ní 2020. Ẹ̀yà ara wọn kò rọrùn rí mọ́, ayédèrú sì kún ọjà. Ìyẹn kò sọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Mo fẹ́ràn wọn. Ìró fọ́tì tí ara rẹ̀ dá ní òwúrọ̀ dùn létí mi ju ọ̀pọ̀ orin lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí kò lówó àtúnṣe kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ èrò. Kó fi ẹ́ńjìnnì náà pẹja fún ara rẹ̀, bó bá wù ú, létí bèbè, pẹ̀lú àjẹ̀ méjì nínú ọkọ̀.

Ẹ̀yin èrò, ẹ̀yin ló kù tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ dè é pa, ẹ má gbé e lé itan. Ẹ má wọ ọkọ̀ lóru. Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ fetí sí i. Kò gba pé ẹ jẹ́ mẹkáníìkì kí ẹ tó mọ ìró tó ń lọ déédéé yàtọ̀ sí èyí tó ń já. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń sín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "á tún ara rẹ̀ ṣe" tàn yín, bẹ́ẹ̀ ni ẹ má tijú àwọn tó ti jókòó. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ gba owó yín padà, kí ẹ dúró de ọkọ̀ mìíràn.